Bí A Ṣe Ń Yan Kátíríìjì fún Ẹran Ńlá Nínú Igbó Èkìtì

Mo yìnbọn fún ìgalà kan lálẹ́ lẹ́yìn oko kòkó wa, nítòsí Ìkẹ́rẹ̀. Ọta ọ̀yà ló wà nínú ìbọn mi. Ìgalà náà fò sókè, ó sá wọgbó. Èmi àti àbúrò mi tọpa ẹ̀jẹ̀ lórí ewé kòkó títí ilẹ̀ fi mọ́, a ò rí i. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn ló júwe ibi tó kú sí fún wa. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ má tíì ronú ẹran; ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ka nǹkan tí wọ́n fín sára irin rẹ̀, nítòsí ibi tí kátíríìjì, ìyẹn ike tí wọ́n di ẹ̀tù àti ọta sí, ń wọ̀. Ẹ ó rí 12, ìyẹn ìwọ̀n ihò, ẹ ó sì rí gígùn: 65, 70 tàbí 76 mílímítà. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Gígùn tí wọ́n kọ sára kátíríìjì, gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yìn, tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí, ni. Kó tó yìn, ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni kátíríìjì 76 fi lè wọ ìbọn 70 wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ ó sì rò pé ó bá a mu. Tí ẹ bá yìn ín, ẹnu rẹ̀ kò ní ríbi ṣí sí, agbára ẹ̀tù á há sínú irin, ojú àti ọwọ́ yín ló sì wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe kó kátíríìjì 20, tó tín-ín-rín ju 12 lọ, pọ̀ mọ́ 12 nínú àpò kan. 20 á yọ̀ wọlé, á há níwájú. Ẹni tó bá ki 12 tẹ̀lé e, ìbọn á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí tí wọ́n fi sábà ń ṣe 20 ní àwọ̀ yẹ́lò nìyẹn.

Ẹran ló kàn. Bí nọ́ńbà ọta bá ṣe ń ga ni ẹyọ rẹ̀ ń kéré. Nọ́ńbà 4, tí ẹyọ rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 3, wà fún ọ̀yà àti àparò. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe àwọn ọta tó tóbi ju ti nọ́ńbà lọ: AAA dára fún ẹtu. Fún ìgalà àti túùkú, SG ni: ẹyọ rẹ̀ lé ní mílímítà 8, mẹ́sàn-án ló sì sábà ń wà nínú ọ̀kan. Awọ túùkú nípọn, ọta wẹ́wẹ́ kì í dé ọkàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo ni mo lè mú, SG ni màá mú, kí ọ̀yà máa lọ.

Ráífù, ìbọn tó ń yin ọta ẹyọ kan ṣoṣo lọ jìnnà, ńkọ́? Ọta .22 kékeré pàápàá lè rìn ju kìlómítà kan lọ. Igbó wa kì í gùn kí ó tó kan oko ẹlòmíì, àpáta tí ọta lè ta padà lára rẹ̀ sì pọ̀. Èmi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ẹ dán kátíríìjì wò kí ẹ tó wọgbó. Ẹ fi páálí ti òkìtì ọ̀gán, ẹ fi èédú ya òbìrí tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, ẹ yìn ín ní ìgbésẹ̀ 20, kí ẹ ka ihò. Ẹ sún sí 25, lẹ́yìn náà 30. Ibi tí ihò inú òbìrí bá ti dín sí mẹ́rin, ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀ láé.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, kí ìwé àṣẹ ìbọn tiyín náà wà lọ́wọ́. Ìnàkí (chimpanzee) ṣì wà nínú igbó ìjọba ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Kò sí ọta tó wà fún ìyẹn; ẹ má yìnbọn fún un rárá. Lásìkò òjò, inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó kátíríìjì sí. Èyí tó bá wú, tí kò wọlé fúnra rẹ̀, ẹ má fi ipá tì í.