Bí a ṣe lè wo ìdíje àgbáyé StarCraft II láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó sì yé wa

Ẹni tí ó bá ń wo ìdíje StarCraft II, eré kọ̀ǹpútà tí òṣèré méjì fi ń bá ara wọn jagun, fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í mọ ibi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wà, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ní ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kì í sì í jẹ́ kí èèyàn ronú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ogun sílẹ̀ ná, kí ẹ máa wo oko, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tí ń pèsè ohun tí a fi ń jagun.

Òṣìṣẹ́ 12 ni òṣèré kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì ju pé kí wọ́n máa wa kùsà àti gáàsì tí a fi ń kọ́lé, tí a sì fi ń kó ọmọ ogun jọ. Òṣìṣẹ́ 16 tó fún kùsà ibùdó kan, mẹ́fà sì tó fún gáàsì rẹ̀. Àyè 200 péré ni òṣèré kọ̀ọ̀kan ní fún òṣìṣẹ́ àti ọmọ ogun lápapọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá kó òṣìṣẹ́ jù kò ní ráyè fún ológun, ẹni tí kò bá sì kó wọn tó, ebi ni yóò lé ogun rẹ̀ wálé. Iye òṣìṣẹ́ máa ń hàn lójú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wò ó. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti gbọ́ ìtàn àwọn tí ó sá wọ inú odi ìlú wa láyé ogun kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí pé oko ni ó ń bọ́ ọmọ ogun.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó wà: Terran, Protoss àti Zerg. Ti Zerg ni ó dùn ún wò jù lójú tèmi, nítorí pé ìdin kan náà ni ó lè di òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ ogun, òṣèré sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan ní gbogbo ìgbà. Zerg ni Serral, ọmọ Finland, fi gba ife àgbáyé WCS (World Championship Series) ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Kòríà tí ó gbà á.

Ẹ má ṣe fi òṣèré tí ó bá kó sínú ibùba ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa òǹwòran ni a rí gbogbo pápá. Kùrukùru bo pápá mọ́ òun lójú, àfi ibi tí amí rẹ̀ bá dé.

Ní ti àkókò, Kòríà fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa, nítorí náà eré agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Seoul di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ níhìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ní Riyadh, olú ìlú Saudi Arabia, ni wọ́n ti ń ṣeré, ibẹ̀ fi wákàtí méjì ṣáájú. Póláńdì bá wa dọ́gba nígbà òtútù wọn, ó sì fi wákàtí kan ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí dátà kò bá pọ̀, ẹ dín àwòrán kù sí 480p. Ìlà àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa kùsà ṣì máa hàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Under G lè dá owó dátà jọ, kí ẹ wò ó lójú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Bí òṣèré bá kọ “gg” (good game, ìyẹn “eré dára”), ó ti túúbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa jẹnẹrétọ̀, nítorí pé nínú àṣekágbá tí ó jẹ́ eré méje, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó gba ife.