Líǹkì tí kò débi tí a rán an nínú fáìlì DocBook 5: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àròyé kan náà ni àwọn tí a jọ ń kọ ìwé ìlò sọ́fítíwíà ní èdè Yorùbá ní Òṣogbo ń gbé wá bá mi: líǹkì wà nínú fáìlì DocBook (irú XML tí a fi ń kọ ìwé ìlò), ṣùgbọ́n kò gbé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ débì kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó pè mí.

Ìbéèrè: Mo kọ linkend, kò sì ṣiṣẹ́.
Ìdáhùn: Linkend ni ó ń sọ orúkọ ibi tí líǹkì ń lọ, xml:id ni ó sì ń fún ibẹ̀ ní orúkọ náà. Ẹ wò ó bóyá xml:id wà lórí abala tí ẹ ń tọ́ka sí. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Jing (ètò tí ó ń yẹ fáìlì wò fún àṣìṣe) kò gba xml:id mi.
Ìdáhùn: Kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀, àlàfo kò sì gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Xref mi (líǹkì tí a kì í kọ ọ̀rọ̀ sí) kò mú ọ̀rọ̀ jáde.
Ìdáhùn: Àkọlé ibi tí ó ń tọ́ka sí ni ó ń mú jáde. Bí ó bá jẹ́ ìpínrọ̀ lásán tí kò ní àkọlé, ẹ lo link, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Ìbéèrè: Orúkọ méjèèjì bára mu délẹ̀, síbẹ̀ jing ní òun kò rí èyí tí linkend ń pè.
Ìdáhùn: Èyí ni ó gba oorun lójú mi. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Fìà kọ xml:id="ìforúkọsílẹ̀" lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, èmi sì kọ linkend lórí tèmi. A gbé méjèèjì síra wọn, a kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a kò rí ìyàtọ̀. Mo pa tèmi rẹ́, mo tún un kọ, pàbó ni. Ní ọjọ́ kẹta ni mo tó fi xxd (ètò tí ó ń fi báìtì hàn, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́) tú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn wò. Tèmi jẹ́ E1 BA B9 CC 80: ẹ tó ti ní àmì abẹ́, tí àmì ohùn ìsàlẹ̀ wá tẹ̀ lé. Tirẹ̀ jẹ́ C3 A8 CC A3: è tó ti ní àmì ohùn, tí àmì abẹ́ wá tẹ̀ lé. Báìtì 5 ni ọ̀kan, báìtì 4 ni èkejì. Ojú ènìyàn rí ẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n báìtì ni ẹ̀rọ ń fi wéra. Unicode, ìlànà tí ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fi ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Àwọn kan ní kí a kúkú yọ àmì kúrò nínú gbogbo ìwé. N kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí òǹkàwé ni a ń kọ ọ́ fún. Ẹ kọ xml:id ní "iforukosile" lásán, kí ẹ sì jẹ́ kí àkọlé tí ènìyàn ń kà gbé gbogbo àmì rẹ̀. Fún fáìlì tó ti wà nílẹ̀, ẹ fi unicodedata.normalize inú Python sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tí ó ń sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Jing kò rí àléébù kankan, síbẹ̀ líǹkì kò ṣí nínú HTML.
Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ stylesheet tí ó ń sọ ọ́ di HTML. Ẹ pe ẹni tó mọ XSLT, èdè tí a fi kọ stylesheet náà. Ẹ má tú u fúnra yín.