Bí mo ṣe rí èlùbọ́ tí wíìtì kò fara kàn, tí mo sì rò ó lórí òkè Adó-Àwáyé

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣu ni èlùbọ́, iṣu kò sì ní gluten, èròjà inú wíìtì tó ń mú ìyẹ̀fun rẹ̀ lẹ̀, kankan nínú. Síbẹ̀, èlùbọ́ tí mo ń rà lọ́jà ló ń dá inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru padà sí mi lára, lẹ́yìn tí mo ti pa búrẹ́dì, sẹmó, wíìtì, Indomie àti makaróní tì pátápátá. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní, "Ṣebí oúnjẹ ilẹ̀ wa ni? Àmàlà ò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Àmàlà kọ́ ló ń ṣe mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ni.

Mi ò ní pẹ́ lórí àyẹ̀wò. Celiac ni dókítà fura sí, ìyẹn àìsàn tó jẹ́ pé bí gluten inú wíìtì tàbí ọkà bálì bá wọ inú, ara fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìfun kékeré jẹ́. Nǹkan kan ni kí ẹ dì mú: ẹ má fi wíìtì sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní tTG-IgA, ohun tí ara ń pèsè nígbà tó ń bá gluten jà ló ń wá. Tí ẹ bá ti jáwọ́ nínú wíìtì fún ìgbà díẹ̀, nǹkan náà á lọ sílẹ̀, èsì á ní kò sí àìsàn nígbà tó wà. Ẹ ní kí wọ́n wo àpapọ̀ IgA yín, ìyẹn irú ohun ìjà ara tí àyẹ̀wò náà ń wá, pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ẹni tí IgA rẹ̀ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ lè rí èsì tó mọ́ lásán. Ẹni tó bá ti jáwọ́ ṣáájú, dókítà lè ní kó padà sídìí búrẹ́dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyà gidi sì nìyẹn.

Ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ kan náà tó ń lọ èlùbọ́ ló ń lọ àgbàdo, láfún àti wíìtì. Wíìtì náà sì ti pọ̀ ní ilé ẹ̀rọ, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ń ra hóró rẹ̀ lọ́jà, wọ́n á gbé e lọ fún lílọ̀, wọ́n á máa fi ro òkèlè. Mi ò bá wọn jà. Èmi ló yẹ kí n wá ọ̀nà mi.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Kí wọ́n tó lè pe oúnjẹ ní èyí tí kò ní gluten, ìlànà Codex, ìyẹn àwọn tó ń gbé ìlànà oúnjẹ kalẹ̀ fún àgbáyé, ni pé gluten inú kílò kan kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ. Nínú gíráàmù 100 ìyẹ̀fun wíìtì, gluten máa ń tó gíráàmù 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù ìyẹ̀fun wíìtì ti tó láti ba kílò kan èlùbọ́ jẹ́. Ohun tí ẹ lè fi orí ìka méjì bù ni. Ẹ wá wo inú ẹ̀rọ: irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n gé ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun ti há sí gbogbo ojú gígé náà; igun àgbá tí wọ́n ń da nǹkan sí; àti àpò aṣọ tó wà lẹ́nu ibi tí ìyẹ̀fun ti ń jáde, tí wọ́n máa ń gbọ̀n, tí wọn kì í fọ̀. Eruku tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tó bà lé orí òrùlé á tún já bọ́ sínú igbá yín.

Mo ní kí Bàbá oníẹ̀rọ fọ̀ ọ́, wọ́n kọ̀, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Bí omi bá kan ìyẹ̀fun wíìtì láàárín irin yẹn, á lẹ̀ mọ́ ọn bíi àtè, irin á sì dípẹtà. Ẹ̀rọ ata tí wọ́n ń fi omi ṣàn kò lè lọ nǹkan gbígbẹ. Wọ́n ní kí n fi iṣu gbígbẹ díẹ̀ ṣí ojú ẹ̀rọ, kí n da ti àkọ́kọ́ nù. Mo da odidi kóńgò kan nù. Mo san owó iṣu, mo san owó ìlọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ṣì dà mí nínú rú. A tún fi àdéhùn sí i pé èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ̀ láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ẹnìkan ti ń da hóró wíìtì sẹ́nu ẹ̀rọ, funfun rẹ̀ ti bo ilẹ̀. Mo kàn gbé igbá mi padà ni. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè bẹ̀bẹ̀ tó tí ẹ̀rọ alájọlò á fi mọ́.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni ẹ̀rọ ọlọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì. Owó rẹ̀ ju owó gbogbo iṣu tí mo lọ̀ lọ, ó sì dùn mí. Tuntun ni kí ẹ rà, pẹ̀lú ajọ̀ tuntun, torí ajọ̀ tó bá ti jọ ìyẹ̀fun wíìtì rí kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Iṣu gbígbẹ tí wọn kò tíì lọ̀ ni mo rà ní Bódìjà, lọ́wọ́ ìyá elélùbọ́ tó ń kó o wá láti Ṣakí. Èyí tó dá pàú tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ ló gbẹ. Ẹ wo ihò kòkòrò. Mo fi omi ṣàn án wéré nítorí wọ́n lè ti sá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkà mìíràn, mo sì tún sá a títí ó fi gan padà. Mo gún un nínú odó tí a fi ń gún iyán nìkan, títí ó fi kéré tó hóró ẹ̀pà, torí ẹnu ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kò gba èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdè irin tí a fi ń fún ojú ẹ̀rọ náà pọ̀ tàbí tí a fi ń dẹ̀ ẹ́ ni àṣírí iṣẹ́ yìí. Ẹ dẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Tí ẹ bá fún un pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀, apá ẹ̀rọ á há, irin á gbóná, èlùbọ́ á sì máa ta irin lẹ́nu. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ wá fún ìdè náà díẹ̀ kí ẹ tó lọ èyí tí kò kúnná tó kù. Tí ó bá ń dì pọ̀ lẹ́nu irin, iṣu náà kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà sóòrùn. Apá á ro yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ àmàlà yẹn tí inú mi dákẹ́ jẹ́ẹ́ dọ́jọ́ kejì, orí mi wú.

Ìyẹn ni mo gbé lọ sí Adó-Àwáyé, níbi tí àwa kan fẹ́ sùn mọ́jú lórí òkè. Ìrìn àti àtẹ̀gùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo ti wọn èlùbọ́ sínú ọ̀rá, kọ́ọ̀pù kan fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, mo fi ọ̀rá kejì bò ó. Ọbẹ̀ ata tí mo dín títí epo fi yọ ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ti ọjọ́ kejì, ilá gbígbẹ tí mo gún fúnra mi; ẹ má ra orúnlá lílọ̀, ẹ̀rọ kan náà ni. Iyọ̀, ìrù àti edé tó fún mi. Tí ẹ bá máa lo magí, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: "wheat", "barley" tàbí "malt", ẹ gbé e kalẹ̀. Ohun mímu málíìtì tí wọ́n fi ọkà bálì ṣe náà wà lára ohun tí ẹ ó gbé kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìrìn ń se Indomie, nítorí náà mo gbé ìkòkò mi, ọmọrogùn mi àti kàn-ìn-kàn-ìn mi lọ. Igi ọmọrogùn ń fa nǹkan mọ́ra, kàn-ìn-kàn-ìn tó fọ ìkòkò Indomie sì ti gbé e sínú ihò ara rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ lo sítóòfù gáàsì kékeré náà, kí ohunkóhun tó ru dà sí i.

Afẹ́fẹ́ orí àpáta lágbára. Omi tó gbóná lásán, tí kò hó yààyà, kókó ló ń mú wá. Mo fi òkúta dí ọ̀nà mẹ́ta, mo fi ọ̀kan sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí àwọn òkúta náà jìnnà sí sílíńdà díẹ̀, torí tí ooru bá ká a mọ́, ó léwu gan-an. Kọ́ọ̀pù omi 2 sí èlùbọ́ 1. Nígbà tó hó, mo sọ iná kalẹ̀, mo da èlùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, mo rò ó kíákíá, mo wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ lé e, mo dé e fún ìṣẹ́jú 4, mo sì tún un rò. Ó dúdú, ó ń dán, kò ní kókó kan.

Gbogbo wọn fẹ́ tọ́ ọ wò. Mo fi ṣíbí mi bù ún sínú abọ́ wọn kí n tó jẹun, mo sì dé ìkòkò náà, kí ọwọ́ tó ti kan Indomie má bàa wọ inú rẹ̀.