Bí A Ṣe Ń Wo Gọ̀rílà Orí Òkè Nínú Igbó, Tí A Ó Sì Lóye Ìṣe Wọn

Kò sí ọgbà ẹranko kankan tí ènìyàn ti lè rí gọ̀rílà orí òkè. Ibi méjì péré ni wọ́n ń gbé ní gbogbo ayé: orí àwọn òkè ayọnáyèéfín Virunga, níbi tí Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Kóńgò ti pààlà, àti inú igbó kìjikìji Bwindi ní Ùgáńdà. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n láàárín 2015 sí 2018, 1,063 ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n ní láti gun òkè lọ bá wọn, wákàtí kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà ń gbà kí àlejò lò lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn ti mọ ohun tí yóò máa wò kí ó tó débẹ̀.

Ara tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gọ̀rílà súnmọ́ ènìyàn nínú ẹ̀dá tó bẹ́ẹ̀ tí àìsàn inú èémí wa fi ń tètè ràn wọ́n, òtútù tí àwa lè fi àgbo lásán wò sì lè pa ọmọ wọn. Bí ẹ bá ń wúkọ́ tàbí tí ẹ ní kátá, ẹ má ṣe lọ rárá, kódà bí ẹ bá ti san 1,500 dọ́là tí Rùwáńdà ń gbà fún ìwé àṣẹ láti 2017. Nítorí èyí ni wọn kò ṣe ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 lọ, tí àlejò kì í sì í ju 8 lọ sídìí agbo gọ̀rílà kan. Ẹ lo ìbòmú, kí ẹ sì jìnnà sí wọn tó mítà 10. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí ló jẹ mí lógún jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ afinimọ̀nà pé kí ó mú yín gba ibi tí agbo náà sùn lánàá. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, gọ̀rílà tó ti kúrò lẹ́nu ọmú máa ń tẹ ewé àti ẹ̀ka wọlẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, láti fi ṣe ibùsùn tuntun. Ẹ ka àwọn ibùsùn náà, kí ẹ sì wo imí tó wà nínú wọn: imí ńlá pẹ̀lú irun funfun jẹ́ ti akọ àgbà, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí imí ńlá àti kékeré pa pọ̀, ìyá ọlọ́mọ ló sùn síbẹ̀. Báyìí ni àwọn tó ń kà wọ́n ṣe ń mọ irú agbo tó kọjá láì tíì fojú kàn án.

Bí ẹ bá bá agbo náà, akọ àgbà ni kí ojú yín kọ́kọ́ wá. Bí akọ bá ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bíi fàdákà. Ó lè wọ̀n ju kìlógíráàmù 160 lọ, ó sì ń tó abo méjì. Òun ló ń pinnu ìgbà tí wọn yóò gbéra àti ibi tí wọn yóò ti jẹun, òun náà ló sì ń làjà láàárín àwọn abo. Ẹ kíyè sí ìsinmi ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ ń gun orí rẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Ààbò wọn ni. Bí ó bá kú tí kò sí akọ àgbà mìíràn nínú agbo, àwọn abo lè tú ká lọ bá akọ tuntun, akọ tuntun yìí sì lè pa ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé wá. Àdánù ńlá ni, nítorí abo kì í sábà bí ju ọmọ kan lọ láàárín ọdún 4.

Igbó náà dí, nítorí náà ẹ lo etí ju ojú lọ. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó ń ti ọ̀fun jáde, bí ìgbà tí àgbàlagbà ń ha ọ̀fun, ìtẹ́lọ́rùn ló ń sọ. Àwọn afinimọ̀nà pàápàá máa ń ṣe é kí agbo lè mọ̀ pé àlàáfíà ni wọ́n bá wá. Ohùn kúkúrú tó jọ ikọ́, tó ń wá léraléra, ìkìlọ̀ ni, kí ẹ sì rọra fà sẹ́yìn. Ní ti àyà gbígbá, àtẹ́lẹwọ́ tó ká díẹ̀ ni akọ fi ń gbá a, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́, ìró rẹ̀ sì lè dé kìlómítà kan. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 lórí àwọn gọ̀rílà Rùwáńdà fi hàn pé bí akọ bá ṣe tóbi tó ni ohùn ìró àyà rẹ̀ ṣe ń rinlẹ̀ tó. Bí ó bá sáré wá síhà yín, ẹ lóṣòó, ẹ tẹrí ba, ẹ má ṣe wò ó lójú, ẹ má sì ṣe sá.

Nígbà tí ọkàn yín bá ti balẹ̀, ẹ wo imú wọn. Ìlà tó wà lókè ihò imú gọ̀rílà kan kò jọ ti èkejì, àwòrán ìlà yìí sì ni Dian Fossey, onímọ̀ ẹranko ará Amẹ́ríkà tó dá ibùdó ìwádìí Karisoke sílẹ̀ ní Rùwáńdà ní 1967, fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yà á sínú ìwé kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ pa iná kámẹ́rà yín. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú: ewé, èsìsì, ewéko ẹlẹ́gùn-ún, àti ọ̀dọ́ ọparun nígbà tó bá hù. Wọn kì í sábà mu omi, nítorí omi inú ewé ń tó wọn.

Bí wákàtí náà bá pé, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá rí gọ̀rílà tó ń wúkọ́, tó ń tiro, tàbí tí okùn tàkúté há mọ́ lọ́wọ́, ẹ sọ fún afinimọ̀nà lójú ẹsẹ̀. Ẹtu àti ẹfọ̀n ni àwọn ọdẹ ń torí rẹ̀ dẹ okùn náà, ṣùgbọ́n ọmọ gọ̀rílà ń kó sí i, àwọn dókítà ẹranko ti Gorilla Doctors, tí wọ́n ń tọ́jú wọn nínú igbó gan-an, sì lè débẹ̀ kí ọwọ́ náà tó jẹrà.