Ìyẹ̀fun Funfun Tí Kò Lórúkọ: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ Nílé àti Lóko

Iyọ̀, sódà àkàrà òyìnbó, sítáàṣì gbágùúdá àti kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò: bí wọ́n bá ti bọ́ sínú ọ̀rá kan náà ní Òkè-Àje tàbí ní ọjà Ṣágámù, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò o. Kọ́sítíìkì á ti bó ẹnu kí èèyàn tó tu ú dànù. Ìsápá pupa ni kí ẹ fi wò ó.

Ẹ rẹ ìkúnwọ́ ìsápá gbígbẹ 1 sínú ife omi gbígbóná 1 fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ṣúgà sí i bíi ti sóbò mímu. Ẹ bu omi tútù ṣíbí ìjẹun 4 sínú ife rọ́bà, kí ẹ wá fi ìyẹ̀fun tó tó hóró ẹ̀wà 1 sí i. Omi ló ń ṣáájú: bí a bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á hó, á sì ta síni lójú. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ̀mù, kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́. Bí ife bá gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ dúró níbẹ̀, kọ́sítíìkì ni kí ẹ kà á sí.

Bí kò bá gbóná, ẹ kán omi ìsápá bíi ẹ̀kán 10 sí i. Iyọ̀, ṣúgà àti sítáàṣì kì í yí i padà. Sódà á sọ ọ́ di aláwọ̀ aró tàbí ewé. Kọ́sítíìkì tó kéré tí kò gbóná á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, á sì máa di àwọ̀ ìyeyè bí ó bá ṣe ń pẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a da ìsápá púpọ̀ jù: ìsápá fúnra rẹ̀ kan, kíkan rẹ̀ á borí sódà díẹ̀, a ó wá rò pé iyọ̀ ni. Torí náà, ẹ gbé ife omi lásán kan àti ife omi eérú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kán ìsápá sí wọn bákan náà, kí ẹ fi wé e.

Èyí tó yí àwọ̀ láìgbóná, tí kò sì di àwọ̀ ìyeyè bó ṣe ń pẹ́, ẹ kán fínígà sí gbígbẹ rẹ̀. Bí ó bá hó, sódà ni. Òkúta ẹfun lílọ̀ tí àgbẹ̀ ń rà fún ilẹ̀ kíkan náà ń hó, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ omi ló ń rọ̀ sí, kì í yọ́.

Ẹ̀kán áyódíìnì (oògùn ojú egbò) 1 á sọ sítáàṣì di dúdú bí aró. Ohun tí ẹ ń kán an sí gbọ́dọ̀ tutù, torí ooru ń lé àwọ̀ náà lọ. Nínú omi kọ́sítíìkì, áyódíìnì á ṣá fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsápá fi ń ṣáájú. Gbogbo gaàrí Ìjẹ̀bú ló máa dúdú, kò sọ ayédèrú fúnni. Wàrà lẹ́búlẹ́bú ló wúlò fún: wàrà kò ní sítáàṣì, bí ó bá dúdú, wọ́n ti lú u.

Bí kọ́sítíìkì bá kan ara, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa kó lè bì: bó bá ti ń bọ̀ padà ló tún ń bó ọ̀fun. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ọ̀rá náà dání.

Ní ti ajílẹ̀ NPK, ẹ fi eérú igi àti omi díẹ̀ pò ó nínú ìdérí, kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́ òórùn rẹ̀ sí imú. Òórùn bíi ti ìtọ̀ tó ti kan jẹ́ amóníà, oúnjẹ ewéko ló wà níbẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n kùn lọ́dà kì í rùn bẹ́ẹ̀. Ajílẹ̀ yùríà náà kì í rùn lójú ẹsẹ̀, ẹ má torí ìyẹn pè é ní ayédèrú. Ohun tó ń rùn yẹn ló ń fò lọ, nítorí náà ẹ má po eérú mọ́ NPK nídìí gbágùúdá. Ẹ ta eérú sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó lo bí ọ̀sẹ̀ 2 kí ajílẹ̀ tó tẹ̀ lé e.