Ẹ má há orúkọ sórí, ẹ yà á
Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń múra ìdánwò iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ Íńdíà, ẹ má kàn há orúkọ irú àwòrán tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yà sórí o, ẹ ya àwòrán kékeré kan fún ìkọ̀ọ̀kan kẹ́ẹ kọ ìpínlẹ̀ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Warli ti Maharashtra, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fomi pò ni wọ́n fi ń yà á sára ògiri amọ̀, onígun mẹ́ta méjì tí ṣóńṣó wọn kanra, èèyàn nìyẹn. Madhubani ti Bihar kì í fàyè sílẹ̀ lófìfo nínú àwòrán rárá, Gond ti Madhya Pradesh, àmì tótòtó àti ìlà wẹ́wẹ́ ló máa ń kún inú ẹranko ẹ̀. Tọ́wọ́ yín bá ti yà á, ẹ máa dá a mọ̀ wéré tí wọ́n bá gbé àwòrán síwájú yín. Àmọ́ tí ìbéèrè bá ní kẹ́ẹ ṣàlàyé gígùn, àwòrán nìkan ò lè gbà yín, ẹ ṣì máa kàwé.