Oògùn aràn àti eégbọn ajá: èwo gan-an lẹ fẹ́ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá ní Òṣogbo, òjò ti ń rọ̀, eégbọn àti ẹ̀fọn ti dé, gbogbo èèyàn sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé "oògùn wo ni kí n ra fún ajá mi?" Oògùn kí ni? Aràn inú ìfun yàtọ̀, aràn inú ọkàn yàtọ̀, eégbọn náà tún yàtọ̀, oògùn tó ń pa ìkan lè má fọwọ́ kan èkejì rárá.

Ẹ jẹ́ n mú aràn inú ọkàn ṣáájú torí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, àwa náà sì kúkú ní gọ́tà tómi dúró sí láti Ìgbóǹnà dé Òkè-Fìà. Ẹ̀fọn á mu ẹ̀jẹ̀ ajá tó ní i, á wá jẹ tiyín, ọmọ aràn á wọlé, tó bá fi máa tó nǹkan bí oṣù 6 ó ti di àgbà nínú ọkàn àtàwọn iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, abo ẹ̀ lè gùn tó rúlà ọmọ iléèwé. Ajá á máa wúkọ́, tó bá sáré díẹ̀ báyìí á ti rẹ̀ ẹ́. Oògùn ìdènà ẹ̀, ìyẹn ivermectin, milbemycin, moxidectin tàbí selamectin, ọmọ aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló wà fún, kì í ṣe àgbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ fi jẹ́ oṣooṣù. Tí ajá yín bá ti lé ní oṣù 7 tí kò lò ó rí, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ná, torí tí ọmọ aràn bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ara ajá lè kọ̀ ọ́.

Ibi tó ń bí mi nínú rèé o. Ọkùnrin kan wá sádúgbò wa lójọ́sí, ó gbé ivermectin màálù dání, ó kàn wo Bíńgò mi látòkè délẹ̀, ó ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wò ó, fún ìdènà aràn inú ọkàn, máíkrógíráàmù 6 péré fún kílò kan lajá nílò (máíkrógíráàmù 1,000 ló wà nínú mílígíráàmù 1). Mílí kan ṣoṣo nínú abẹ́rẹ́ màálù tí wọ́n kọ 1% sí lára ní mílígíráàmù 10, ìyẹn á tó fún ajá oníkílò 20 tó lé ní 80! Ẹ wá ní kí èèyàn máa fojú wọ̀n ọ́n. Ajá bíi Collie, àtàwọn Jámánì Shẹ́pẹ́ẹ̀dì kan náà, ọpọlọ wọn ò gba kó pọ̀ jù rárá, ó lè dá wọn dùbúlẹ̀ tàbí kó pa wọ́n.

Torí náà ẹ wọn ajá. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ gun síkéèlì, lẹ́yìn náà ẹ̀yin nìkan ẹ gùn ún, ẹ yọ tiyín kúrò. Páálí oògùn tó bá kílò ẹ̀ mu lẹ máa rà, ẹ má ra ti ajá ńlá kẹ́ ẹ wá pín in fún kékeré méjì torí owó. Kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀.

Ti inú ìfun ò le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ajá máa ń gba aràn látinú ìyá ẹ̀, nítorí náà láti ọ̀sẹ̀ 2 lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún un lọ́sẹ̀ méjì méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8. Piperazine olówó pọ́ọ́kú yẹn, aràn gbọọrọ funfun bíi sùpàgẹ́tì ló mọ̀ ọ́n pa jù. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi hóró ìrẹsì nídìí ajá, aràn pẹlẹbẹ nìyẹn, praziquantel lẹ máa wá. Ẹ má fi ṣeré tẹ́ ẹ bá ní ọmọdé tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, torí aràn ajá ń ran èèyàn.

Eégbọn wá ni baba wàhálà níbí, torí ó ń gbé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wọ ajá lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi otapiapia tàbí ọ́ìlì mọ́tò wẹ ajá, ẹ jáwọ́, ó ń lá ara ẹ̀! Àwọn oògùn tí ajá ń jẹ wà báyìí, afoxolaner fún oṣù kan, fluralaner fún bí oṣù 3, àmọ́ fluralaner tí wọ́n ń jẹ yẹn ò kan aràn inú ọkàn o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ó ti parí ẹ̀. Tí gìrì bá ti mú ajá yín rí, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó rà á. Tẹ́ ẹ bá ní ológbò nílé, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ oògùn eégbọn tó ní permethrin, ó lè pa á.

Àti pé ara ajá nìkan kọ́ ni eégbọn ń gbé, inú ihò ògiri ilé ajá ló ń yé ẹyin sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí i.